Ta ló ni Hineno? Ìtàn olóyè kan, gómìnà ológun méjì, tẹ́ḿpìlì ńlá kan àtàwọn àgbẹ̀ abúlé (Japan, 1501 sí 1504)

1/
Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí gùn.

Lọ́dún 1501, bàbá ọlọ́lá kan ní Japan, tó ti fìgbà kan wà nípò tó ga jù lẹ́yìn ọba, di ẹrù rẹ̀, ó fi olú ìlú sílẹ̀, ó lọ ń gbé inú tẹ́ḿpìlì kékeré kan láàárín òkè. Kí ló gbé e débẹ̀? Ìrẹsì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, ó sì ń kọ ohun tójú rẹ̀ ń rí sílẹ̀.

2/
Tí wọ́n bá dárúkọ Japan àtijọ́, idà àti sámúráì ló máa ń kọ́kọ́ sọ sí wa lọ́kàn. Anime ló fà á. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wo Shōgun, ọdún 1600 ni ìtàn yẹn. Tèmi yìí fi bí ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú rẹ̀. Sámúráì wà níbẹ̀ o, àmọ́ àwọn àgbẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fojú sí.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí alágbára mẹ́ta bá ń fa ilẹ̀ kan mọ́ra wọn lọ́wọ́, ta ló ni ín gan-an?

3/
Hineno lorúkọ ibẹ̀, ní ìgbèríko Izumi, gúúsù Osaka òde òní. Tí bàlúù bá gbé yín balẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Kansai, èyí tí wọ́n kọ́ sórí òkun, Izumisano ni ìlú tó dojú kọ yín létí òkun. Ẹ kẹ́yìn sí òkun, ẹ máa bá odò Kashii gòkè lọ sáàárín àwọn òkè. Ẹ ti dé ibi tí ìtàn wa ti ṣẹlẹ̀ nìyẹn.

4/
Lọ́dún 1234, Hineno di shōen ìdílé Kujō. Kí ni shōen? Ilẹ̀ oko ńlá ni, tí ìdílé ọlọ́lá tàbí tẹ́ḿpìlì kan láṣẹ láti máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń dáko níbẹ̀, ìrẹsì ń lọ sí Kyoto, olówó ilẹ̀ jókòó sílé rẹ̀ ní Kyoto, ó ń jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀ irú àwọn olówó ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò fojú kan oko yẹn rí títí wọ́n fi kú.

Àwòrán ilẹ̀ abúlé Hineno kan ṣì wà títí dòní, ọdún 1316 ni wọ́n yà á. Adágún omi wà lórí rẹ̀, oko wà níbẹ̀, tẹ́ḿpìlì àti ojúbọ wà níbẹ̀, àti ilẹ̀ tí wọn ò tíì ro.

5/
Ìdílé Kujō kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹnikẹ́ni o. Ìdílé márùn-ún péré ló wà ní gbogbo Japan tí wọ́n ti lè mú kanpaku, ìyẹn adelé tó ń bá ọba ṣàkóso. Kujō jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Abúlé ńlá mẹ́rin ni Hineno ní níbẹ̀rẹ̀: Hineno fúnra rẹ̀, Iriyamada, Ihara àti Tsuruhara. Nígbà tí ìtàn wa bẹ̀rẹ̀, méjì péré ló kù lọ́wọ́ Kujō, Hineno àti Iriyamada. Níbo làwọn tó kù wá gbà lọ?

6/
Ogun ló gbé wọn lọ. Láti 1467 títí di 1477, àwọn ìdílé jagunjagun ńláńlá bá ara wọn jà nínú Kyoto gan-an. Ogun Ōnin ni wọ́n ń pè é. Apá tó pọ̀ nínú olú ìlú jóná. Olórí ogun, ìyẹn shogun, ṣì wà lórí àga, àmọ́ àṣẹ rẹ̀ ò ràn mọ́ bíi tàtẹ̀yìnwá.

Nígbà tí òkè ò ti lágbára mọ́, àwọn tó wà ní ìgbèríko bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ara wọn gbà.

7/
Alágbára kìíní ni shugo. Ẹ jẹ́ ká pè é ní gómìnà ológun. Iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni kó mú ọ̀daràn, kó sì kó ọmọ ogun jọ fún shogun. Shōen olóyè ò sí lára ohun tó kàn án. Àmọ́ ta ló fẹ́ dá a dúró?

Izumi wá tún yàtọ̀ ní tiẹ̀: shugo méjì ló ní lẹ́ẹ̀kan náà, láti ẹ̀ka méjì nínú ìdílé Hosokawa. Gómìnà méjì lórí àga kan! Àwọn méjèèjì lọ́mọ ogun tó ń jẹun, oúnjẹ yẹn sì gbọ́dọ̀ tibì kan wá.

8/
Alágbára kejì wà lẹ́yìn òkè, ní ìgbèríko Kii: tẹ́ḿpìlì ńlá tó ń jẹ́ Negoro-ji. Ẹ̀ka Shingon nínú ẹ̀sìn Búdà ni wọ́n ń ṣe. Mọ́ǹkì kan tó ń jẹ́ Kakuban, tó kú ní 1143, ni wọ́n ń wò gẹ́gẹ́ bí olùdásílẹ̀ wọn.

Ẹ má wulẹ̀ ro mọ́ǹkì tó dijú ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ nìkan. Negoro-ji ní mọ́ǹkì jagunjagun. Ó ní ilẹ̀. Ó ń yáni lówó. Ọ̀pọ̀ àwọn mọ́ǹkì rẹ̀ ló jẹ́ ọmọ àwọn ìdílé onílẹ̀ ní Kii àti Izumi níbẹ̀, ìyẹn ni pé tí Negoro-ji bá nawọ́ sí abúlé kan, ó ṣeé ṣe kó ti ní ìbátan nínú abúlé ọ̀hún tẹ́lẹ̀.

9/
Alágbára kẹta ni bàbá wa, Kujō Masamoto. Ọdún 1445 ni wọ́n bí i. Ó jẹ́ kanpaku láti 1476 sí 1479. Orúkọ rẹ̀ tóbi, àpò rẹ̀ gbẹ.

Ìgbà tí owó ò wọlé mọ́, gbèsè ló kù. Alábòójútó ilé rẹ̀, Karahashi Arikazu, yá owó lọ́wọ́ àwọn ará Negoro-ji, ó fi ìṣákọ́lẹ̀ Hineno dógò. Ẹ ti mọ ibi tí irú ẹ̀ máa ń já sí. Ìjà dé.

10/
Ní oṣù kìíní 1496, Masamoto àti ọmọ rẹ̀ Hisatsune pa Arikazu nínú ilé wọn.

Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdílé tí wọ́n ń fi ẹ̀kọ́ àti ìwà ọmọlúwàbí ààfin yangàn, àwọn ni wọ́n fọwọ́ ara wọn pa òṣìṣẹ́ wọn. Ọba bínú, wọ́n sì fòfin de bàbá àtọmọ láti yọjú sí ààfin fúngbà kan.

Mo sọ èyí kẹ́ ẹ má baà rò pé bàbá arúgbó jẹ́jẹ́ kan ló ń bọ̀ lábúlé.

11/
Oṣù kẹta 1501 (lórí kàlẹ́ńdà wọn nígbà náà), Masamoto forí lé Hineno. Ó ti lé ní ẹni ọdún 55. Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ rẹ̀ Hisatsune gorí àga kanpaku. Ọmọ wà ní ààfin, bàbá wà lábúlé ń gba ìṣákọ́lẹ̀.

Ibi tó fi ṣelé ni Chōfuku-ji, tẹ́ḿpìlì kékeré kan ní Ōgi, nínú àfonífojì Iriyamada. Orúkọ Iriyamada gan-an ti júwe ibẹ̀: oko ìrẹsì ibi téèyàn ti ń wọ orí òkè.

12/
Ẹ jẹ́ ká wo àyíká tẹ́ḿpìlì yẹn díẹ̀. Iriyamada jẹ́ abúlé kéékèèké mẹ́rin: Ōgi, Tsuchimaru, Funabuchi, Shōbu. Oko ìrẹsì tóóró wà lẹ́bàá odò, igbó wà lókè. Ojúbọ gbogbo wọn ni Takinomiya, tó túmọ̀ sí ojúbọ ìṣàn omi orí àpáta. Téèyàn bá tún wọ inú òkè síwájú sí i, yóò dé òkè Inunaki, níbi tí tẹ́ḿpìlì Shippōryū-ji wà, táwọn olùfọkànsìn ti ń dúró sábẹ́ omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta láti gbàdúrà.

Búdà àti òrìṣà ilẹ̀ wọn jọ ń gbé láìjà. Àwọn èèyàn ni wọ́n ń jà.

13/
Oṣù keje, ìgbà ọdún Bon dé, ìyẹn ọdún ìrántí àwọn òkú. Abúlé kan lẹ́yìn èkejì wá ń jó níwájú Chōfuku-ji fún bàbá wò, pẹ̀lú ìlù, aṣọ eré àti orin ìsìn Búdà.

Bàbá tó ti wo gbogbo eré tó dáa ní Kyoto ya ẹnu. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé eré àwọn ará oko yìí ò kéré sí ti olú ìlú. Ẹ wo ojú tó fi ń wò wọ́n tẹ́lẹ̀ ná! Ẹnu máa ń yani nígbà tí a ò bá retí nǹkan kan lọ́wọ́ ẹni.

14/
Oṣù keje yẹn náà ni ọ̀dá dá. Tómi bá tán lóko ìrẹsì, ó tán nìyẹn. Ètò tí wọ́n ní fún títọrọ òjò wà nínú ìwé bàbá, ó sì ní ìpele:

Ìkíní, àwọn mọ́ǹkì Shippōryū-ji yóò wá gbàdúrà ní Takinomiya.
Ìkejì, tí òjò ò bá rọ̀, wọn yóò gbàdúrà ní Shippōryū-ji fúnra rẹ̀.
Ìkẹta, tí kò bá tún rọ̀, wọn yóò lọ sí gbọ̀ngàn Fudō, òrìṣà oníná tó rorò.
Ìkẹrin, tí gbogbo ẹ̀ bá kùnà, wọn yóò ju ohun àìmọ́, bí egungun àgbọ̀nrín, sínú ibú tí omi orí àpáta ń dà sí.

15/
Ẹ dúró lórí ìkẹrin yẹn. Ohun tó wà nídìí ẹ̀ ni pé ẹni tó ni omi kò ní fara mọ́ ìdọ̀tí nínú ilé rẹ̀, á bínú, á rọ òjò láti fi fọ̀ ọ́. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ tún bẹ̀ ẹ́, tí kò bá gbọ́, ẹ mú un bínú!

Òjò rọ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n sì lọ ṣeré ìdúpẹ́ ní Takinomiya lóṣù kẹjọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ fi ìpele mẹ́rin yẹn sọ́kàn. Bí wọ́n ṣe ń bá òrìṣà ṣe, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń bá àwọn alágbára ayé ṣe.

16/
Ẹ jẹ́ ká padà sórí ìjà. Àwọn ọmọ ogun shugo ò gbà pé nítorí bàbá kan wá láti Kyoto, àwọn máa gbọ́wọ́ kúrò. Ọjà ńlá àdúgbò náà wà ní Sano, nítòsí òkun. Àwọn ará abúlé gbọ́dọ̀ nájà. Àwọn èèyàn shugo á lúgọ síbẹ̀, wọ́n á mú wọn.

Ẹ ò rí i pé ọgbọ́n burúkú ni? Wọn ò ní láti gun òkè wá bá yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa sọ̀ kalẹ̀ wá ra iyọ̀.

17/
Kí ni bàbá ṣe? Ó kọ lẹ́tà.

Olórí gbogbo ìdílé Hosokawa ní Kyoto, tó lágbára ju shogun fúnra rẹ̀ lọ nígbà náà, ni Hosokawa Masamoto (Masamoto lòun náà ń jẹ́, ẹ má ṣe pò wọ́n pọ̀). Kò tíì bímọ, ó sì ti gba ọmọ Kujō Masamoto kan ṣọmọ, èyí tó ń jẹ́ Sumiyuki. Ní kúkúrú, àna kọ́, ẹbí kọ́, ṣùgbọ́n wọ́n jọ ní ọmọ kan.

Lẹ́tà lọ, lẹ́tà bọ̀. Kyoto pàṣẹ pé kí shugo jáwọ́. Lábúlé, àwọn ọmọ ogun ò jáwọ́.

18/
Nígbà tí lẹ́tà ò ṣiṣẹ́, àwọn ará abúlé lo ohun tí wọ́n mọ̀. Tí ìròyìn ogun bá dé, wọ́n á kó arúgbó, ọmọdé àti ẹrù gun orí òkè. Àwọn ọkùnrin abúlé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á kóra jọ pẹ̀lú ohun ìjà. Àgbẹ̀ ayé ìgbà yẹn ní idà àti ọ̀kọ̀ nílé o. Ó ṣì ku bí ọgọ́rin ọdún kí Toyotomi Hideyoshi tó gbà á lọ́wọ́ wọn, ní 1588.

Ilẹ̀ àfonífojì yẹn tóóró. Ọmọ ogun tó bá wọlé lè má mọ ọ̀nà jáde.

19/
Ọdún 1502, Negoro-ji àti shugo kojú ara wọn. Abúlé wá wà láàárín méjì. Ohun kan wà nígbà náà tí wọ́n ń pè ní seisatsu: pátákó tí olórí ogun kọ ìkìlọ̀ sí pé ọmọ ogun òun kò gbọdọ̀ jalè, kò gbọdọ̀ dáná sun ilé níbí.

Ọ̀fẹ́ kọ́ o. Abúlé ló ń wá a lọ, abúlé ló ń sanwó ẹ̀. Àwọn tiwa náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí wọ́n á fi rí pátákó Negoro-ji gbà, bàbá sì bá wọn kọ̀wé. Orúkọ ńlá rẹ̀ wúlò níbí yìí.

20/
A máa ń sọ pé tí erin méjì bá ń jà, koríko ló ń fara gbá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n koríko Hineno ò kàn dùbúlẹ̀ jẹ́.

Wọ́n ní ìpàdé abúlé. Wọ́n ní àwọn aṣojú tó ń jẹ́ bantō, tí wọ́n ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sọ́dọ̀ bàbá ní Chōfuku-ji. Tí ọ̀dá bá dá, wọ́n á lọ ná ìṣákọ́lẹ̀ bí ẹni ń nájà. Tó bá sì le jù, ohun ìjà kan wà tí gbogbo àgbẹ̀ Japan mọ̀ nígbà yẹn: chōsan, kí gbogbo abúlé fi oko sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

21/
Ẹ rò ó wò. Shugo lè gba oko pẹ̀lú idà. Negoro-ji lè gbà á pẹ̀lú ìwé gbèsè. Kujō lè gbé ìwé àṣẹ 1234 jáde. Ta ló máa gbin ìrẹsì? Ta ló máa tún ojú omi ṣe? Láìsí ọwọ́ àwọn wọ̀nyí, igbó ni.

Ìdí nìyẹn tí bàbá fi ń gbọ́ tiwọn, bó ti wù kó gbéra ga tó. Lójoojúmọ́, ẹni tó ti bá ọba ṣèjọba ní láti bá àwọn olórí abúlé dúnàádúrà lórí àpò ìrẹsì.

22/
Tí mo bá parí ẹ̀ síbí, inú gbogbo wa á dùn. Agbára aráàlú, ẹ pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé bàbá ò parí síbẹ̀, èmi náà ò sì lè fi apá tó korò pamọ́ fún yín.

23/
Ìkórè 1503 burú. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ 1504, ìyàn ti mú. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Àwọn èèyàn gba inú igbó lọ. Ewéko kan wà tó ń jẹ́ warabi, gbòǹgbò rẹ̀ ní oúnjẹ nínú. Wọ́n á wú u, wọ́n á gún un, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́, wọ́n á fi í sílẹ̀ kí ìyẹ̀fun rẹ̀ silẹ̀ sí ìsàlẹ̀ omi. Ẹni tó bá ti rí ògì tó silẹ̀ rí ti mọ ohun tí mò ń sọ. Odò ni wọ́n ti ń ṣe é, ó sì ń sùn síbẹ̀ mọ́jú.

24/
Ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ sí í jí i lóru.

Abúlé fi ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀. Lóru ọjọ́ kan ní oṣù kejì 1504, wọ́n rí àwọn olè náà, wọ́n sì lé wọn. Àwọn olè sá wọ ilé kan ní Takinomiya: ilé obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ìsìn ojúbọ náà. Ọmọkùnrin rẹ̀ méjì ni wọ́n.

Wọ́n pa àwọn ọmọ méjèèjì. Wọ́n pa ìyá wọn pẹ̀lú.

25/
Kò sí ìgbẹ́jọ́. Kò sí ẹni tó lọ jí bàbá pé kí ló wí. Òru ni wọ́n pa wọ́n.

Takinomiya yẹn náà ni wọ́n ti tọrọ òjò lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti jó ijó ìdúpẹ́. Ó ṣeé ṣe kí obìnrin yìí wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí ojúbọ rẹ̀ ni. Àwọn tó pa á mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n mọ àwọn ọmọ rẹ̀ láti kékeré. Nínú àfonífojì tóóró bẹ́ẹ̀, ta ni kò mọ ta?

26/
Bàbá kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́ bí ohun tí olè fọwọ́ ara rẹ̀ fà, ó wá pe orúkọ Búdà Amida lé wọn lórí. Òun tó jẹ́ olúwa ilẹ̀ kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni lórí ẹ̀. Àbí kí ló fẹ́ ṣe? Ọwọ́ àwọn tó pa wọ́n yẹn náà ló ń gbà á lọ́wọ́ shugo, ọwọ́ wọn náà ló sì ń gbin ìrẹsì rẹ̀.

27/
Ohun tí mo rí nínú ìtàn yìí nìyí. Ìṣọ̀kan tó gba abúlé lọ́wọ́ ogun ló pa ìyá yẹn. Ìpàdé kan náà, ẹ̀ṣọ́ kan náà, àwọn ọkùnrin kan náà. Abúlé tó bá fẹ́ dá dúró láìsí gómìnà gbọ́dọ̀ dá ara rẹ̀ lẹ́jọ́, nítorí tí wọ́n bá pe shugo pé kó wá mú olè fún wọn, shugo á wọlé, kò sì ní jáde mọ́. Nítorí náà wọ́n ṣe é fúnra wọn. Ebi sì ti sọ ìdájọ́ wọn di ìkà.

Mi ò sọ pé kẹ́ ẹ dá wọn láre. Mò ń sọ pé tá a bá ń yin “agbára aráàlú”, ká bi ara wa pé lórí ta ni wọ́n ń lò ó lóru.

28/
Báwo ló ṣe wá parí?

Ìparí ọdún 1504 lórí kàlẹ́ńdà wọn, Masamoto kẹ́rù padà sí Kyoto. Kò rí ohun tó wá gbà gbà pátápátá.
1507: wọ́n pa Hosokawa Masamoto. Sumiyuki, ọmọ tí wọ́n jọ ní, kú nínú ìjà ogún tó tẹ̀ lé e lọ́dún yẹn kan náà.
1516: Kujō Masamoto kú.
1585: Hideyoshi kógun ja Negoro-ji, tẹ́ḿpìlì náà sì jóná. Ilé gogoro ńlá rẹ̀ tí wọ́n parí ní 1547 wà lára ìwọ̀nba tó yè.

29/
Chōfuku-ji náà ò sí mọ́. Ilẹ̀ ni wọ́n ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ rẹ̀ jáde. Àmọ́ ojúbọ Takinomiya ṣì wà, Hibashiri ni wọ́n ń pè é báyìí. Shippōryū-ji ṣì wà lórí òkè Inunaki. Oko ìrẹsì Ōgi ṣì wà lẹ́bàá odò, ìjọba Japan sì ti kà á mọ́ àwọn ilẹ̀ àṣà tí wọ́n gbọ́dọ̀ dáàbò bò.

Shugo lọ, mọ́ǹkì jagunjagun lọ, olóyè lọ. Wọ́n ṣì ń gbin ìrẹsì.

30/
Orúkọ ìwé bàbá ni Masamoto-kō tabihikitsuke. Ìwé ìrántí ẹni tó wá gba ìṣákọ́lẹ̀ ni. Òun kọ́ ló ní lọ́kàn láti sọ ìtàn àwọn àgbẹ̀ fún wa. Ṣùgbọ́n nítorí pé ó ń kọ gbogbo ohun tó ń ná an lówó àti ohun tó ń dà á láàmú, a mọ ijó wọn, a mọ bí wọ́n ṣe ń tọrọ òjò, a mọ ohun tí wọ́n jẹ nígbà ìyàn, a sì mọ̀ pé obìnrin kan wà ní Takinomiya tó bí ọmọkùnrin méjì.

31/
Ó parí. 

Ìbéèrè tí mo fi bẹ̀rẹ̀ náà ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dá mi lóhùn: nínú gbogbo àwọn tí mo dárúkọ yìí, ta ló ni Hineno? Ẹ sọ èrò yín, ẹ jẹ́ ká jọ fà á. Tó bá sì wù yín, ẹ pín in fún ọ̀rẹ́ yín kan tó rò pé sámúráì nìkan ló gbé Japan.